Ta Ní Ń Fọ Aṣọ Ànábì Ayúbà? Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Sọ Ìtàn Aláìsàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń dán ẹ̀dá wò, tí ó sì ń wo ẹ̀dá sàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ọmọdé kan ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ní ilé-kéú wa ní Sango, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ànábì Ayúbà, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. A sọ bí ọrọ̀ rẹ̀ ṣe lọ, a sọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe kú, a sọ bí àìsàn ṣe wọ̀ ọ́ lára, títí a fi dé ibi tí ìdin ti ń jáde lára rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń pariwo bí a bá dé ibẹ̀, nítorí náà a máa ń fà á gùn díẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ní ń fọ aṣọ Ànábì Ayúbà?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n a kò rí èsì fún un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ìbéèrè náà kò sì wá sí wa lọ́kàn rí.

Ilé tí ọmọ náà ti wá nìyí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń fi alẹ́ ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń dé ilé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá láti kí ìrun àsùbáà, búta bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò lè dìde mọ́. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọjọ́ pípẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀, àti pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó dé sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé láti ilé ìwòsàn, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ilé yẹn ti yí padà. Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sango kì í lè jáde ní òwúrọ̀ mọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin àgbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní láti dúró sílé nítorí òun nìkan ni ó lágbára láti gbé bàbá rẹ̀ dìde. Ní òru, wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà, kí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ má baà dá egbò sí i lára. Ọmọbìnrin kékeré yìí ni ó ń fọ aṣọ àti àwọn àkísà rẹ̀ kí ó tó wá sí ilé-kéú. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń dì í mú kí ó gbé ẹsẹ̀: oṣù kìíní, láti orí ibùsùn dé orí àga, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ọmọ yẹn bi wá ní ìbéèrè, wọ́n ṣe wáàsí ńlá kan ní àdúgbò wa. Oníwáàsí náà sọ ìtàn Ànábì Ayúbà bí àwa gan-an ti ń sọ ọ́, ó sì fi dídùn ohùn kún un ju tiwa lọ. Nígbà tí ó parí, ó ní ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó fún Ọlọ́hun láti wò ó sàn. Gbogbo ènìyàn ké Allahu Akbar. Òtítọ́ ni, kò sí ohun tí agbára Ọlọ́hun kò ká. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá ọmọ náà dé. Wọ́n ní oṣù mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù fún oògùn àti eré ìdárayá ilé ìwòsàn. Bí ìgbàgbọ́ bá wà nínú ilé náà, ara ọkùnrin náà ì bá ti yá. Òmíràn nínú wọn ní bóyá ọwọ́ ẹnìkan ni. Ẹ mọ ìlú wa Ọ̀tà àti ohun tí àwọn ènìyàn ń wí nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ pé ọwọ́ ẹnìkan ni ní Ọ̀tà, kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n fẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ síbi kan tí wọn yóò ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ààfáà ọmọ.

Bí wọ́n ṣe jókòó níwájú wa nìyẹn, tí wọ́n ń fi ìtàn tí àwa náà ti ń sọ láti ogún ọdún gbè ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Àwa náà jẹ̀bi. Nítorí náà ni a ṣe padà lọ sí ìwé, kí á wo ìtàn yìí bí a ti ń wo iṣẹ́ akéwì tàbí ìtàn àròsọ: kí ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni a fi kún un, kí ni a sì yọ kúrò?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ibi méjì ni ìtàn àìsàn Ànábì Ayúbà ti wáyé: súrà 21, áyà 83 àti 84, àti súrà 38, áyà 41 sí 44. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, áyà mẹ́fà péré ni. Nínú rẹ̀, ó ké pe Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti kan òun. Ọlọ́hun gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ janlẹ̀, omi tútù sì wà níbẹ̀ láti fi wẹ̀ àti láti mu. Ó dá àwọn ará ilé rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú irú wọn. Ó ní kí ó mú ìdì koríko lọ́wọ́ kí ó fi lu, kí ó má baà yẹ ìbúra rẹ̀. Ó sì jẹ́rìí pé onísùúrù ni. Kò sí orúkọ àìsàn níbẹ̀. Kò sí iye ọdún. Kò sí ìdin. Kò sí ibi tí a ti ní òru ọjọ́ kan ni ó fi yá.

Níbo wá ni ìdin ti wọlé? Àwọn onímọ̀ sọ pé láti inú àwọn ìtàn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tí a fún ní ìwé ṣáájú wa ni, àwọn ìtàn tí wọ́n ń pè ní Isráílíyyáàtì. Alùkáálì Abu Bakr Ibn al-Arabi, ọmọ ìlú Seville ní Andalus tí ó kú ní ọdún 1148, tí ó sì jẹ́ ọmọ màsíábà Máálíkì bí tiwa, sọ pé lẹ́yìn ohun tí Àlùkùránì sọ, hádíìsì kan ṣoṣo ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ànábì Ayúbà, èyí tí ó dá lórí àwọn eṣú wúrà tí ó já lé e lórí nígbà tí ó ń wẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì fi kún un pé Ọlọ́hun kì í fi àrùn tí yóò mú kí àwọn ènìyàn sá fún ìránṣẹ́ Rẹ̀ ṣe ojiṣẹ́ kan.

Kí wá ni ìdí tí ìdin fi wà lẹ́nu wa títí di òní? Nítorí pé ìdin ń fa etí mọ́ra. A kò fi èyí bú àwọn oníwáàsí. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú èrò rí, tí àwọn mọ́tò ń fọn fèrè lábẹ́ bíríìjì Sango, tí àwọn ọmọdé sì ń sunkún, mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò mú wọn dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi mú wọn dákẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Bí a bá ti sọ àìsàn di ohun ìríra, ẹni tí ó ń ṣàìsàn nínú ilé wa yóò di ohun ìríra lójú àlejò. Bí a bá sì fò láti orí ìdin sí orí omi ìwòsàn, gbogbo ọjọ́ tí ó wà láàrin méjèèjì ti ṣòfò nìyẹn, àwọn tí wọ́n sì ń gbé inú ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ní ìtàn kankan tí ó jẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo hádíìsì mìíràn, èyí tí Anas ọmọ Máálíkì gbà wá. Ibn Hibban, tí ó kú ní ọdún 965, kó o sínú àkójọ rẹ̀. Ibn Kathir, tí ó kú ní ọdún 1373, sọ pé ó ṣàjèjì gidigidi láti so ó mọ́ ẹnu Ànábì wa fúnra rẹ̀. Nítorí náà a kò ní gbé àdìsọ́kàn lé e lórí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bí wọ́n ṣe sọ ìtàn náà. Ọdún 18 ni wọ́n pè é níbẹ̀. Àti ará ilé àti ará ìta pa Ànábì Ayúbà tì, àfi àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí wọ́n ń wá a wò ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sọ fún èkejì pé Ayúbà ti ní láti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún 18 Ọlọ́hun ì bá ti ṣíjú àánú wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dé etí aláìsàn, ó sì dùn ún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí àwọn mọ̀lẹ́bí ọkùnrin yẹn wá sọ ní Sango ti wà nínú ìtàn náà tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹnu àlejò tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni ìtàn náà fi í sí. Kò fi í sí ẹnu Ọlọ́hun, kò sì fi í sí ẹnu Ànábì. Ìtàn tí a fi ń dá aláìsàn lẹ́bi ni ó dá àwọn tí ń dá aláìsàn lẹ́bi lẹ́bi.

Ibi tí ó kàn ni ó mú wa rántí ọmọ ilé-kéú wa. Hádíìsì náà sọ pé bí Ànábì Ayúbà bá jáde lọ tọ̀ tàbí lọ yàgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú títí yóò fi padà sí àyè rẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni, ìró rẹ̀ kò sì lè mú èrò wáàsí ké kábíyèsí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti tọ́jú aláìsàn rí tí kò ní mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ilé aláìsàn ni ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ìwòsàn dé, ọkùnrin náà pẹ́ níbi tí ó lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Nígbà tí ó yọ sí i pẹ̀lú ara tí ó ti yá, obìnrin náà kò dá a mọ̀. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń bi léèrè bóyá ó rí Ànábì Ọlọ́hun tí ìpọ́njú dé bá. Ẹni tí ó ti di ọwọ́ kan mú fún ọdún 18, tí kò sì dá ọwọ́ náà mọ̀ nígbà tí ó gba okun! Ìbá ṣe pé àwa oníwáàsí ń fi ohùn dídùn sọ èyí bí a ti ń fi í sọ ọ̀rọ̀ ìdin, omijé àwọn obìnrin Sango ì bá jẹ́ omijé ìtùnú.

Ohun méjì mìíràn wà nínú áyà mẹ́fà yẹn tí a máa ń gbójú fò. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ọlọ́hun lè mú kí omi sun láìsí pé aláìsàn mira. Síbẹ̀, Ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ janlẹ̀. A kò sọ pé ìtumọ̀ áyà náà ni eré ìdárayá tí wọ́n ń fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti ṣàfikún. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú ìtàn yìí, ìyanu kò lé ìgbìyànjú jáde. Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn mọ̀lẹ́bí náà, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn dákẹ́, ó ní, "Ẹsẹ̀ náà ni àwọn ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ ọ láti gbé láràárọ̀ yìí." A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìdì koríko. Púpọ̀ nínú àwọn onítúmọ̀ sọ pé Ànábì Ayúbà bínú sí ìyàwó rẹ̀ nígbà àìsàn, ó sì búra pé bí òun bá gbádùn, òun yóò nà án ní ọgọ́rùn-ún ẹgba. Àwọn kan nínú wa máa ń fi ibí yìí fa ọ̀rọ̀ lílu ìyàwó. Bí wọ́n ṣe dorí ìtàn kodò nìyẹn. Nínú áyà náà, Ọlọ́hun wá ọ̀nà tí ìbúra kò fi ní yẹ, tí obìnrin tí ó ṣe ìtọ́jú kò sì fi ní jìyà: ìdì koríko kan, ìlù ẹ̀ẹ̀kan, ó parí. Ìtàn náà gbà pé ìbínú máa ń wà nínú ilé aláìsàn. Aláìsàn máa ń kanra mọ́ ẹni tí ó sún mọ́ ọn jùlọ, pàápàá ẹni tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tí ó ń pe omi tí wọ́n ń gbé àga fún un. Ìtàn kò fi èyí pamọ́, ṣùgbọ́n ó gbè sẹ́yìn olùtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ìwé Yorùbá. Ní Èkó, láti ọdún 1929 dé 1930, Isaac Babalọlá Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó tó sọ ọ́ di ìwé. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Obìnrin kan tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ìṣekúṣe ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, nígbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, tí kò sì sí ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ akọni ni. Èdè rẹ̀ dùn, Èkó ayé ìgbà náà sì yọ kedere nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ilé aláìsàn wò ó, àléébù kan wà níbẹ̀: owó iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni àìsàn jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aláìsàn ń ronú pìwà dà, àwa òǹkàwé sì ń kọ́ ọgbọ́n. Ẹni tí yóò bu omi fún un kò sí nínú ìtàn.

Ohun ìyàlẹ́nu ni pé àwọn òǹkàwé fúnra wọn gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Wọ́n gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà láti bá a kẹ́dùn, a sì rí nínú wọn tí ó fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún un. Ìtàn ní kí wọ́n dẹ́rù ba ara wọn. Ìwà ọmọlúàbí ní kí wọ́n tọ́jú aláìsàn. A rò pé àwọn òǹkàwé yẹn ṣe dáadáa ju ìtàn náà lọ.

Àwọn eré tí a ń wò lórí tẹlifíṣàn àti lórí fóònù lónìí ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀tá ju nǹkan sínú oúnjẹ, ọkọ ṣubú, ìyàwó sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ ọ́ sójú àwòrán pé ọdún méjì ti kọjá. Ọdún méjì yẹn gan-an ni ìtàn! Inú rẹ̀ ni ìyàwó ti ta aṣọ òkè rẹ̀, inú rẹ̀ ni ọmọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ ni bàbá ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì jẹun lẹ́yìn tí ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Eré fo gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nígbà náà pé bí àìsàn bá dé sí ilé wa, à ń retí pé kí ọdún méjì lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ olùtọ́jú yìí jẹ́ àbá lásán, kí ó gba ọ̀nà Ifọ̀ àti Ewékorò lọ sí Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, kí ó béèrè ìtàn Àró. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà níbẹ̀. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà parí. Lámbò bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa gba àwọn aláìsàn sílé. Àdéhùn kan pàtàkì ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá: ó kéré tán, ẹnìkan nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ìyá, àbúrò, ìyàwó tàbí ọkọ, gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ó sì mú un padà. Aláìsàn ń gba oògùn, ó sì tún ń gbé láàrin ènìyàn. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá sínú iṣẹ́ náà. Ètò yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ orúkọ Àró. Lámbò sì dé ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 2004 ni ó kú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó wà níbẹ̀. Àrùn ọpọlọ ni àrùn tí àwa Yorùbá máa ń tètè sọ pé ọwọ́ ayé ni, òun sì ni àrùn tí a máa ń so ẹni tí ó ń ṣe é mọ́lẹ̀. Lórí irú àrùn yìí ni dókítà kan ti sọ pé ẹni tí ń fọ aṣọ aláìsàn wà lára ìwòsàn náà. Ó fún un ní àyè nínú ètò. Ohun tí a sì ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí ń sọ ìtàn ni pé kí á fún un ní àyè nínú ìtàn.

Bí ó ti rí nínú àrùn rọpárọsẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn oníṣègùn sọ pé oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni agbára máa ń tètè padà jù, ṣùgbọ́n ìlọsíwájú kò dúró síbẹ̀. Ó lè máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí aláìsàn bá ń lo ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn fún èkejì. Ta ni yóò rántí oògùn náà ní òwúrọ̀? Ta ni yóò ka ìgbésẹ̀ náà? Ará ilé ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé obìnrin nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ní ọdún kejì Híjírà, tí í ṣe ọdún 624, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ sí ogun Bádírì, Rùkáyátù ọmọ Ànábì wa ń ṣàìsàn ní Mọ̀dínà. Ọkọ rẹ̀, Sàídínà Usman, dúró tì í ní àṣẹ Ànábì. Ànábì sì fún un ní ìpín nínú ọrọ̀ ogun àti ìlérí ẹ̀san bí ẹni tí ó wà lójú ogun. Rùkáyátù kò dìde nínú àìsàn náà, ó kú. Ìpín Usman kò torí rẹ̀ dín kù. Èyí yẹ kí ó wọ̀ wá létí: ẹ̀san olùtọ́jú kò so mọ́ pé kí aláìsàn gbádùn. Ìtàn tí ó bá ń dúró de ìwòsàn kí ó tó yin olùtọ́jú kò mọ ìtàn Usman.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníwáàsí, ẹ̀yin olùkọ́ kéú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ eré àti ìtàn, ohun tí a bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn aláìsàn, ẹ ka iye ọjọ́. Ẹ sọ ẹni tí ó ń fọ aṣọ, ẹ sọ ibi tí owó ti ń wá, ẹ má fi ìbínú pamọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ń dáni lẹ́bi sí ẹnu ẹni tí ó yẹ. Bí ẹ bá sì dé ibi ìyanu, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́, nítorí òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe pàṣán fún àwọn tí wọ́n wà ní oṣù kẹrìnlá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàláátù, nígbà tí ẹ bá lọ kí aláìsàn, kí ọ̀kan nínú yín jókòó tì í fún wákàtí méjì, kí ìyàwó rẹ̀ lè dé ọjà kí ó padà.

Àwọn mọ̀lẹ́bí náà kò gbé ọkùnrin yẹn lọ mọ́. Kò tíì gbádùn tán. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń jókòó kí ìrun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti gbà fún un, ọwọ́ òsì ni ó sì fi ń mú búta. Ọmọ rẹ̀ àgbà ti padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ní ti ọmọbìnrin wa, a pè é lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. A ní, "Ọmọ mi, Àlùkùránì kò sọ ẹni tí ń fọ aṣọ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á wá pé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó bá fẹ́ jáde. Ó jọ pé òun náà ni." Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ààfáà, ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́hun kì í fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rárẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì sáré lọ sílé, nítorí oòrùn ti ń wọ̀, aṣọ sì wà lórí okùn.

Kí Ọlọ́hun bá wa fún gbogbo aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní okun àti sùúrù, kí Ó sì fi òótọ́ sí ẹnu àwa tí ń sọ ìtàn wọn. Àmín.